Ariwo Inú Jíìpù Tó Ń Ṣí Lórí: Ibi Tó Ti Ń Wọlé àti Iye Tó Yẹ Ká Ná Lé E Lórí

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹbí sọ níbi ìpàdé wa ní Houston)

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ibi iṣẹ́ alẹ́ wá tààrà, torí náà a ò ní fi àkókò yín ṣòfò.

Nígbà tí a jókòó sórí ọ̀rọ̀ gbèsè káàdì ní ìpàdé tó kọjá, ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló mẹ́nu kan ohun kan náà: owó tí wọ́n ná sórí ọkọ̀ kí ariwo inú rẹ̀ lè dínkù, tí owó lọ tí ariwo sì jókòó síbẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ irú kan náà, èyí tí orí rẹ̀ ṣeé ṣí kúrò. Ìdí nìyẹn tí a fi mú un wá síwájú yín lónìí. Ẹni tí kò ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó má wulẹ̀ dìde. Bí ọmọ ọdún 16 bá wà nílé ẹ, ó ń bọ̀ wá tọrọ ọ̀kan.

Jíìpù wo là ń wí? Nílé, gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ga nílẹ̀ díẹ̀ la ń pè ní jíìpù, ì báà jẹ́ Toyota, ì báà jẹ́ Honda. Èyí tí à ń sọ lónìí ni Jeep fúnra rẹ̀, pàápàá jù lọ Wrangler. Bàbá ńlá rẹ̀ ni ọkọ̀ Willys tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò láti 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wrangler alákọ̀ọ́kọ́ jẹ́ ti ọdún 1987. Ọdún 2007 ni wọ́n mú èyí tó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin wá, ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í rà á fún ọmọ gbígbé lọ sílé ìwé. Àwòṣe tí wọ́n ń pè ní JL dé ní 2018. Ford náà sì dá Bronco tiẹ̀ padà ní 2021 pẹ̀lú orí tó ń ṣí. Ohun tí a máa sọ kan gbogbo wọn.

Ohun tó mú kí ọkọ̀ yìí wu ọmọ èèyàn náà ló mú kó máa pariwo. Ẹ wo ọkọ̀ ìdílé lásán bí i Camry: irin ni òrùlé rẹ̀, wọ́n ti jó o pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, aṣọ àti fóòmù sì wà lábẹ́ irin yẹn. Wrangler kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni orí rẹ̀, tàbí ike líle tí wọ́n dè mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé yọ. Gíláàsì iwájú rẹ̀ ṣeé dà bolẹ̀. Gbogbo ibi tí a bá ti lè tú nǹkan, ojú ìsopọ̀ wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ò sì nílò ju àlàfo tó fẹ̀ tó owó ẹyọ lọ. Ara ọkọ̀ náà tún rí bí àpótí, iwájú rẹ̀ dúró ṣánṣán, kò yọ̀ bọ́rọ́ nínú afẹ́fẹ́. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ẹrẹ̀, àpáta àti odò ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe òpópónà márosẹ̀ I-45 ní ìrìn máìlì 75 ní wákàtí kan.

Ẹnìkan lè sọ pé, ṣé ariwo lásán náà lẹ wá ń ṣèpàdé lé lórí? Ẹ gbọ́ ná. NIOSH, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ìlera òṣìṣẹ́, sọ pé bí ariwo bá dé decibel 85, wákàtí 8 lójúmọ́ ni kí etí wà nínú rẹ̀ mọ. Gbogbo ìgbà tí ó bá fi decibel 3 lé, ẹ gé wákàtí náà sí méjì. Bó bá di 88, ó di wákàtí 4. Bó bá di 91, ó di wákàtí 2. Wrangler tí orí rẹ̀ wà ní dídé, tí táyà rẹ̀ dára, kì í sábà dé 85. Ṣùgbọ́n ṣí orí yẹn lórí òpópónà márosẹ̀, tàbí kí o ní táyà ẹrẹ̀ tó ti jẹ gbágungbàgun, kí o wá gbé rédíò sókè kó lè borí ariwo, o ti ń wọ agbègbè yẹn nìyẹn. Àwọn kan nínú wa sì ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń dún láti àárọ̀ dalẹ́. Etí kì í ní ìwé ìṣirò méjì, ọ̀kan fún ibi iṣẹ́, ọ̀kan fún ọkọ̀. Inú ìwé kan ṣoṣo ló ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, gbèsè etí kò sì ṣeé san padà.

Àárẹ̀ náà ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 12 lóru, tó tún wa máìlì 40 kó tó délé, ariwo tó ń hó lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ń fi kún ohun tó ti rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò tún ní tètè gbọ́ síréènì ọkọ̀ panápaná tàbí ọkọ̀ agbókùúrùn.

Èyí tó dùn wá jù lọ ni ti èdè. Ní ìlú yìí, ibo lẹ ti ń rí ọmọ yín mú jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú láìsí tẹlifíṣọ̀n? Inú ọkọ̀ ni. Inú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọ́ wọn ní Yorùbá, ibẹ̀ la ti ń pàlọ́ fún wọn, ibẹ̀ la ti ń bi wọ́n léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé ìwé. Ìjókòó ẹ̀yìn Wrangler wà nítòsí táyà ẹ̀yìn gan-an, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ń jókòó. Bí ìyá bá wí ọkọ̀ níwájú, tí ọmọ lẹ́yìn ò mọ̀ bóyá ọkọ́ ni tàbí ọkọ, ọmọ náà á dáhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé “What?” Ẹ̀ẹ̀mẹta tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìyá náà á bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. A kì í ṣàsọdùn. Ìyá kan ló sọ ọ́ fún wa báyìí, àwọn mìíràn sì ń mi orí.

Ó dáa. Ká wá sí iṣẹ́.

Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tí a kọ́, ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó kọ́ṣẹ́ yẹn máa ń béèrè sì ni: èló lẹ fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ wọn ariwo náà kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. NIOSH ní ètò kan tó ń wọn ariwo, Sound Level Meter lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, iPhone sì ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni kó mú fóònù náà dání o, kì í ṣe awakọ̀. Ẹ gbé fèrèsé sókè, ẹ pa rédíò, ẹ pa AC. Ẹ mú ojú ọ̀nà kan náà, ẹ rìn ní 60 fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ kọ iye tí ẹ rí sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ tún un ṣe ní 30. Lẹ́yìn náà, kí ẹnìkan jókòó sẹ́yìn, kó wọn tibẹ̀ náà. Iye ìbẹ̀rẹ̀ yín nìyẹn. Gbogbo ohun tí ẹ bá rà lẹ́yìn èyí, ẹ padà sójú ọ̀nà kan náà kí ẹ tún wọ̀n.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni owó àwọn ènìyàn wa ń bá lọ. Decibel kì í ṣe bí dọ́là. Dọ́là 75 àti dọ́là 70 jẹ́ dọ́là 145. Decibel 75 àti decibel 70 kì í ju nǹkan bí 76 lọ. Ẹ wá yí i padà. Ká ní afẹ́fẹ́ ló ń fa 75 nínú ọkọ̀ yín, táyà sì ń fa 70. Ẹ lọ ra táyà tuntun mẹ́rin, owó ńlá, ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ sọ pé ariwo táyà tán pátápátá, èyí tí kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Kí ló kù? 75. Ẹ ti ná gbogbo owó yẹn fún decibel kan péré, etí èèyàn ò sì lè mọ̀ ọ́n. Bí méjèèjì bá jẹ́ ọgbọọgba, tí ẹ sì mú ọ̀kan kúrò pátápátá, 3 péré lẹ jèrè. Láti ní kí etí gbà pé ariwo ti dínkù sí ìdajì, ó máa ń tó bí 10. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ nínú ìpolówó pé ọjà òun ń gé ariwo sí ìdajì, 10 ló ń ṣèlérí yẹn, ẹ bi í bó ṣe wọ̀n ọ́n.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ariwo tó tóbi jù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn láti rà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó tóbi jù? Ojú ọ̀nà Houston á ràn yín lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú òpópónà márosẹ̀ wa níbí jẹ́ kọnkéré, àwọn ibì kan sì jẹ́ ọlọ́dà. Bí ẹ bá ti orí kọnkéré bọ́ sórí ọ̀dà láìyí ìrìn padà, tí ariwo sì rọlẹ̀ lójijì, táyà ni. Bí kò bá yí padà, afẹ́fẹ́ ni. Èkejì: ní 30, afẹ́fẹ́ kò tíì ní agbára, nítorí náà hùùù tí ẹ bá gbọ́ ní 30 kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dákẹ́ ní 30 tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké láti 55 lọ sókè, afẹ́fẹ́ ni. Bó bá ń ké síi nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú táyà ná.

Wrangler tí wọ́n ń pè ní Rubicon máa ń ti iléeṣẹ́ jáde pẹ̀lú táyà tó gbó pákánpákán ju ti Sahara lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà sì lè ti fi táyà ẹrẹ̀ gidi sí i kí wọ́n tó tà á. Táyà ẹrẹ̀ ní èékánná ńláńlá pẹ̀lú àlàfo fífẹ̀ láàárín wọn. Èékánná kọ̀ọ̀kan ń gbá ilẹ̀, àlàfo kọ̀ọ̀kan ń há afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ ó sì ń tú u jáde, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí ẹ ń gbọ́ bí oyin nìyẹn. Bí ẹ kì í bá wọ inú ẹrẹ̀, tí iṣẹ́, ilé ìwé, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni ọkọ̀ yín ń lọ, kí lẹ ń fi táyà ẹrẹ̀ ṣe? Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè táyà ojú ọ̀nà, tàbí ti ilẹ̀ gbogbo tí èékánná rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ẹ dúró títí tí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ á fi jẹ tán. Kí ènìyàn sọ táyà tó ṣì dára nù tìtorí ariwo nìkan, ìyẹn ò bá ìwé ìṣirò mu, àfi bí ẹ bá rí ẹni rà á lọ́wọ́ yín ní owó tó dáa.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọn atẹ́gùn inú rẹ̀. Nílé, fọkanáísà wà ní gbogbo ìdúró ọkọ̀, á wò ó fún ẹ kí o tó sọ̀rọ̀. Níbí, ìwọ ni fọkanáísà ara rẹ. Géèjì tó dára kò tó ogún dọ́là. Iye tó yẹ kó wà nínú táyà wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ sí òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ má lo iye tí wọ́n kọ sára táyà, òkè tí kò gbọdọ̀ kọjá nìyẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, torí ooru ń wú u. Iná ìkìlọ̀ táyà tó wà níwájú awakọ̀ kì í tàn títí táyà fi pàdánù nǹkan bí ìdámẹ́rin atẹ́gùn rẹ̀. Bí ó bá yẹ kó jẹ́ 36, ó lè di 27 kí iná tó sọ̀rọ̀. Nínú ooru Texas, táyà tó rọ̀ báyìí ń gbóná, táyà tó gbóná ló sì ń bẹ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú táyà láti ẹ̀yìn síwájú, kí ẹ tún pa á padà, nígbà tí ọkọ̀ dúró. Bó bá ń gún yín lọ́nà kan tó sì ń yọ̀ lọ́nà kejì, ó ti ń jẹ gbágungbàgun. Irú rẹ̀ máa ń hó ju táyà ẹrẹ̀ tuntun lọ. Àìyí wọn kiri ló ń fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ máa yí wọn ní máìlì 5,000 sí 8,000 bí ìwé ọkọ̀ yín bá ṣe wí, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ títò ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà ni ọjọ́ orí rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ẹ tún rántí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2025 ni Texas ti dá àyẹ̀wò ààbò ọdọọdún dúró fún ọkọ̀ àdáni. Àyẹ̀wò èéfín nìkan ló kù ní àwọn káúńtì bí i Harris àti Fort Bend. Kò sí ẹni tó máa wo táyà yín fún yín mọ́ kí ẹ tó san owó ọkọ̀.

Ó wá kan afẹ́fẹ́. Fún èyí, irinṣẹ́ tó dára jù ni téèpù aláwọ̀ búlúù tí àwọn akunlé ń lò, tí kì í bọ́ ọ̀dà ọkọ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ojú ìsopọ̀ orí ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú, kí ẹ lọ sójú ọ̀nà yín, kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ariwo bá rọlẹ̀, ẹ padà wá ṣí téèpù náà níbì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n. Ibi tí ariwo bá ti padà, ibẹ̀ ni. Ẹ má fi téèpù dí ilẹ̀kùn tí ènìyàn wà nínú rẹ̀ o. Ti ilẹ̀kùn, owó dọ́là kan ló ń ṣe é: ẹ fi bébà dọ́là náà sáàárín rọ́bà ilẹ̀kùn, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ fà á. Bó bá lágídí, rọ́bà yẹn ń ṣiṣẹ́. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìgbà mìíràn, kì í ṣe rọ́bà ló bàjẹ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ tí wọ́n dá padà ni kò jókòó dáadáa.

Orí ike líle náà rí bẹ́ẹ̀. Ègé mẹ́ta ni ti Wrangler: méjì kéékèèké lórí àwọn tó jókòó níwájú, ńlá kan lẹ́yìn. A ti rí ọkọ̀ tí nọ́ọ̀tì tó de ègé ńlá náà ti tú sílẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti ṣí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ nu iyanrìn kúrò lójú rọ́bà, ẹ to àwọn ègé náà bí ìwé ọkọ̀ ṣe tò wọ́n, ẹ dè wọ́n le bó ti wí. Rọ́bà tó ti gbẹ, ẹ fi òróró sílíkóónì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á. Kì í ṣe gírísì, gírísì ń jẹ rọ́bà. Iṣẹ́ wákàtí kan ni gbogbo èyí, kò sì tó ọgbọ̀n dọ́là.

Bí orí yín bá jẹ́ aṣọ, ohun tí ẹ ń wá ni kó nà gbọnrangandan. Aṣọ tó bá dẹ̀ a máa lù pàtì-pàtì. Ọjọ́ tó gbóná ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́, torí ó ń sún kì nínú òtútù. Ká má tan ara wa, aṣọ fẹ́lẹ́ kò lè dá ariwo ọkọ̀ akẹ́rù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ń wa òpópónà márosẹ̀, orí líle ló bá yín mu, ṣùgbọ́n tuntun lè ju 2,000 dọ́là lọ. Ẹ wá àlòkù tó bá àwòṣe ọkọ̀ yín mu gẹ́lẹ́, torí orí JK kì í wọ JL.

Ẹ tún wo ohun tí ẹ tàbí ẹni tó tà á fún yín ti lẹ̀ mọ́ ọn. Irin ẹrù orí ọkọ̀ máa ń súfèé. Ọ̀pá iná gígùn orí gíláàsì náà máa ń súfèé. Yíyọ wọn kì í gba kọ́bọ̀, a sì ti rí ẹni tí ìyẹn nìkan tó fún.

Fóòmù ńkọ́? Ibí ni ọjà ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni àròsọ pọ̀ sí. Ẹ fi kànìnkànìn wé e. Kànìnkànìn ń fa omi, kò lè dí omi lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni fóòmù ń fa ìró tó ti wọlé, kí ó má máa ta sí orí ike kó padà wá. Ohun tó ń dí ìró lọ́nà ni ohun tó wúwo, bí i rọ́bà nínípọn ilẹ̀ ọkọ̀. Nítorí náà, fóòmù tí wọ́n gé bá abẹ́ orí líle mu wúlò: ó ń pa gbohùngbohùn, ó sì ń dín ooru kù, èyí tí a mọ rírì rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n fóòmù fẹ́lẹ́ kò lè ṣe nǹkan kan sí hùùù táyà. Ẹ má sì dí àwọn ihò tó wà nílẹ̀ ọkọ̀ náà, torí omi ni wọ́n ṣe é fún. Omi tó bá há sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì máa ń di ìpẹtà irin àti èébu tí àwọn ọmọ ń mí símú. Ẹ má fi aṣọ ìjókòó bo ibi tí wọ́n bá kọ AIRBAG sí.

Ariwo kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ pa mọ́lẹ̀. Hùùù tó ń pọ̀ sí i bí ẹ bá yà sọ́tùn-ún díẹ̀, tó ń dínkù bí ẹ bá yà sósì, lè jẹ́ bẹ́ríìnì ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó ń kú lọ. Tìkìtìkì tó ń dún bí ẹ bá ń fi iná sí i nígbà tí ọkọ̀ ṣì tutù lè jẹ́ sàlẹ́ńsà tó ti lu. Èyí kejì yìí burú fún ọkọ̀ olórí aṣọ, torí èéfín carbon monoxide kò ní òórùn, ó sì ń bá àlàfo wọlé gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ máa ṣí fèrèsé ẹ̀yìn nìkan sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń rìn: ó ń fa èéfín láti ẹ̀yìn wọ inú, ibi tí àwọn ọmọ wà. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ilé lẹ́yìn ìrìn àjò, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ náà. Ẹ má ra fóòmù.

Èyí tó dín owó kù jù, a mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ, ni kí ẹ rọra. Ariwo afẹ́fẹ́ ń yára pọ̀ ju ìrìn lọ. Láti 75 sọ̀ kalẹ̀ sí 65, ó lè dín afẹ́fẹ́ kù ní nǹkan bí decibel 3 sí 4, èyí tí àwọn kan ti san ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là fún tí wọn ò rí. Ẹ ṣírò rẹ̀: máìlì 50 ní 75 jẹ́ ìṣẹ́jú 40, ní 65, ìṣẹ́jú 46. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ san. Ẹ tún fi epo pamọ́.

Ní ti owó, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ wà á ní 65 lórí òpópónà márosẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kí rédíò wà ní pípa, kí ìyàwó tàbí ọkọ àti àwọn ọmọ jókòó sẹ́yìn. Ẹni tó bá ní kí ẹ yípo ilé ìtajà òun nìkan ń sá fún nǹkan. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí oníṣòwò lẹ ìwé Buyers Guide mọ́ fèrèsé àlòkù. Bó bá kọ “As Is” síbẹ̀, ẹyin tẹ́ ẹ rà nìyẹn, bó bá fọ́ lọ́la, ọwọ́ yín ló fọ́ sí. Bí ọkọ̀ yín bá ṣì wà lábẹ́ wáráńtì, òfin Magnuson-Moss ti 1975 kò gbà kí wọ́n fagi lé e kìkì nítorí pé ẹ fi fóòmù tàbí rọ́bà tí kì í ṣe ti iléeṣẹ́ sí i. Àwọn ni kó fi hàn pé ohun tí ẹ fi sí i ló ba nǹkan jẹ́. Bí ẹ bá ra orí tuntun, ẹ pe iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Ẹ má sì fi káàdì ra ohunkóhun tí ẹ ò tíì fi téèpù dán wò.

Bàbá kan béèrè bóyá kí òun fi òwú dí etí wa ọkọ̀. Ẹ má ṣe é, sà. Ẹ nílò láti gbọ́ síréènì, àwọn ìpínlẹ̀ kan bí i California sì ní òfin tó kọ dídí etí méjèèjì nígbà tí ènìyàn ń wakọ̀. Ìyá kan náà béèrè bóyá kí àwọn tà á kí wọ́n ra ọkọ̀ mìíràn. Ìyá wa, bí ẹ bá ti ṣe gbogbo ohun tí a sọ, tí ìwé yín ṣì ń sọ pé 78 ní ìjókòó ẹ̀yìn, tí kò sí ẹni tó ń ṣí orí ọkọ̀ náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tà á. Wrangler kì í sábà jábọ́ lójú ọjà, ẹ máa rí owó gidi. Bí ọmọkùnrin yín bá yarí, ẹ ní kó wá bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀.

Géèjì táyà méjì àti téèpù búlúù wà nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tíì. Ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ kí ẹ tó mú un lọ, kí ẹ dá a padà ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì mú ìwé tí ẹ kọ iye ariwo yín sí dání.